Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Mọ Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ò ní gún yín lọ́wọ́, oníbàárà ò ní gbé aṣọ lọ láìsanwó. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà sí gbangba nígbà tí nọ́ńbà yín wà lọ́wọ́ mi. Gbangba náà kúkú lẹ̀yin ń fi tiyín sí. Ohun tí ẹ bá rí lórí WhatsApp, ẹ ó fi ṣọwọ́ sí mi, sí ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, sí àwọn ọmọ ìyá wa, sí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, títí kan ìyá ẹlẹ́kọ iwájú ṣọ́ọ̀bù yín tí fóònù rẹ̀ kò lè ṣí fọ́tò. Ẹni tó bá lu agogo sí mi létí, agogo ni mo máa fi dá a lóhùn.

Láàárọ̀ yìí, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, fóònù mi dún. Mo fò dìde, àyà mi já, mo ní ta ló kú nílé. Ẹ̀yin ni. "Ẹ TÈTÈ KÀ Á KÍ WỌ́N TÓ PA Á RẸ́!!!" Mo kà á. Wọn ò pa á rẹ́. Ọdún kẹta rèé tí ẹ ti ń fi iṣẹ́ kan náà yìí ránṣẹ́ sí mi, wọn ò tíì pa á rẹ́. Bóyá àwọn tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ náà máa ń sùn ní ìdájí, bó ṣe yẹ kí ọmọ ènìyàn sùn.

Ẹ má bínú, mo ti yí orúkọ yín padà lórí fóònù mi. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀yìn-Ẹfà lẹ̀ ń jẹ́ báyìí. Òwe yẹn náà lẹ fi ń parí gbogbo ọ̀rọ̀: ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Wọ́n mú iná lọ ládùúgbò, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà. Gáàrí gbówó lórí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà. Òjò rọ̀ nínú oṣù kejìlá, ẹ gbójú sókè, ẹ mi orí, ẹ ní, "Wọ́n ti ń ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Wọ́n?

Mo bi yín ní tòótọ́ ni, torí ó ń wù mí kí n mọ̀ wọ́n. Wọ́n kì í ṣàìsàn. Owó kì í tán lọ́wọ́ Wọ́n. Wọ́n kì í bá ara wọn jà. Ẹ̀yin télọ̀ mẹ́rìnlá péré lẹ dá àjọ lọ́dún kan, oṣù kẹta kò pé tí àjọ fi tú, tí kálukú ń já ìhòòhò ẹnìkejì síta. Àmọ́ Wọ́n, láti Amẹ́ríkà dé Ṣáínà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló pa àṣírí kan mọ́, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó mutí yó tó tú u fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá wa ṣe alága àjọ.

N kò fi gbogbo ẹnu dá yín lẹ́bi ṣá. Èdè tí ìyá wa fi tọ́ wa gan-an ń tì yín lẹ́yìn. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, oòrùn pa mí, òtútù mú mi, oorun ń kùn mí. Kò sí ìyà kan tó lè jẹ wá kí a má fún un lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀. Bí a bá wá adìyẹ tì, "wọ́n ti jí adìyẹ" là ń wí, kódà kó jẹ́ pé adìyẹ náà ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ àkùkọ aládùúgbò. Ẹni tó bá sì ti fi Wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa wá ilé tí Wọ́n ń gbé.

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ̀yin a máa fi òwe yẹn dájọ́. Èmi, bí mo ṣe ń dàgbà, ń gbọ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ta ló rí àjẹ́ náà? Ṣé kì í ṣe òwìwí ló ké? Ibà tó ti ń gun ọmọ láti ọjọ́ mẹ́ta, ṣé ẹnikẹ́ni bi í léèrè ọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2020. Ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ yín le sí i, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Kónílé-ó-gbélé Kòrónà dé. Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú lọ́tùn-ún lósì. Aṣọ ẹbí tí ẹ ti gé tán wà nílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì, kò sí ẹni tó wá gbà á, kò sí ẹni tó san ìyókù owó. Ajé Àjíǹde tí ẹ fi ń san owó ilé ìwé wọmi. Ọkùnrin tó ń fi tépù wọn gbogbo ayé kò mọ ìwọ̀n ọ̀la mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fóònù yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí méjì, Jennifer Whitson àti Adam Galinsky, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é tí àwọn kan fi rò pé nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn, wọ́n wá fi àwòrán tó kún fún èérún dúdú àti funfun hàn wọ́n, bíi tẹlifíṣọ̀n tí eriali rẹ̀ ti wó. Àwọn tí nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ń rí àwòrán níbi tí àwòrán kò sí. Mo kà á, mo rántí yín lórí àga gbọ̀ọ̀rọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí ẹ̀ ń wo inú èérún.

Ohun tí ẹ rí níbẹ̀ kò kéré. Ẹ ní 5G ló ń pa ènìyàn. Lóòótọ́ ni wọ́n dáná sun másìtì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú oṣù kẹrin ọdún yẹn, ẹ sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, kò tíì sí ilé iṣẹ́ tó ń ta 5G ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọdún 2022 ni MTN tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Orí àpótí lẹ̀ ń gùn kí WhatsApp yín tó wọlé. Báwo ni 5G ṣe fẹ́ rí yín pa níbi tí 3G gan-an kò ti rí yín?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ní Kòrónà kò sí rárá, owó ni wọ́n fẹ́ fi kó jẹ. Nígbà tó di alẹ́, ẹ fi ohùn ẹnìkan ránṣẹ́ pé inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ṣe Kòrónà láti fi dín wa kù. Mo fẹ́ bi yín èwo ni ká dì mú, mo bá gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn ohùn yín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń rán?" Ẹ ní, "Ìbòmú ni. Ọjà ń yá." Kòrónà kò sí, Kòrónà ni wọ́n ṣe, ìbòmú rẹ̀ sì ń lọ bí àkàrà gbígbóná! Ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ fi dúró.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Kent bi àwọn ènìyàn léèrè nípa ikú Diana, ìyàwó àtijọ́ ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní Paris lọ́dún 1997. Bí ẹnìkan bá ṣe gbà tó pé Diana kò kú, pé ó fara pamọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń gbà pé wọ́n pa á ni. Òkú kan náà, ó wà láàyè, wọ́n tún pa á! Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni pé ìròyìn tí ìjọba kéde kọ́ ni. Bó bá ti lè lòdì sí tìjọba, ó ti wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó ń bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀.

Mo tún ti rí yín nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn. Ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ ó wo ọ̀tún, ẹ ó wo òsì, bí ẹni pé ọlọ́pàá wà lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ. Ohùn yín á wálẹ̀. Lọ́yà tó wá gba agbádá rẹ̀, tó ti ń fi ìka han yín pé "ìwọ télọ̀ yìí" láti àárọ̀, á sún mọ́ yín, á tẹ́ etí. Lójú ẹsẹ̀ ni ipò yí padà: òun ló di ọ̀gbẹ̀rì, ẹ̀yin lẹ di awo. Ìwé mẹ́fà tí bàbá wa lè san owó rẹ̀ fún yín kò já mọ́ nǹkan mọ́. Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá wà níbẹ̀, mi ò ní já yín. Oyin ni, mo mọ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ kò ju pé awo tí ènìyàn mílíọ̀nù mélòó kan gbà lórí fóònù láàárọ̀ kan náà, tí wọ́n sì ní kí olúkúlùkù fi ṣọwọ́ sí ẹni ogún, kì í ṣe awo mọ́. Ìpolówó ọjà ni.

Ẹ ó ní mo ti ń rẹ́rìn-ín jù, pé ṣé wọn kì í dìtẹ̀ ni? Wọ́n ń dìtẹ̀! Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun tó ń mú ọrùn gan ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wò. Ọmọ bíi 200 ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn; 11 ló kú. Àwọn òbí ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa àwọn ọmọ, kì í ṣe oògùn. Ní 2009, wọ́n gbà láti fi mílíọ̀nù 75 dọ́là parí ẹjọ́ wọn pẹ̀lú ìjọba Kano. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní oògùn àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń sọ obìnrin di àgàn, tí Kano sì kọ̀ ọ́ lọ́dún 2003, ẹ̀rù náà ní ilé tó ti jáde wá. Àmọ́ àwọn ọmọ ló san gbèsè rẹ̀. Àrùn náà gba ibẹ̀ tàn dé àwọn ilẹ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé polio àdáyébá ti kúrò ní Áfíríkà.

Ti oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà ńkọ́? Ẹ ń pariwo pé wọ́n kó o pamọ́, mo ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó di oṣù kẹwàá 2020, lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó, wọ́n já ti Ẹdẹ. Ìrẹsì jókòó síbẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Àwọn gómìnà ní wọn ò tíì pín in tán ni. Mo pè yín lọ́jọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù, mo ní ẹ jàre mi. Ẹ sì ti ń fi ìjàre kan yẹn gba gbèsè lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà.

Àwọn tó ń ṣàkóso wa náà kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń gbin àhesọ. Ní 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lọ gba ìtọ́jú ní London. Ìgbà kejì tó lọ lọ́dún náà lé ní 100 ọjọ́, láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹjọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún ará ìlú irú àìsàn tó ń ṣe é. Ohun tí ìjọba kò sọ, ọjà bá wọn sọ ọ́: pé ó ti kú, pé ẹnìkan tó ń jẹ́ Jubril láti Sudan ló ń dé fìlà rẹ̀. Ó di Kraków ní ilẹ̀ Poland, oṣù kejìlá 2018, kí odindi ààrẹ tó dúró níwájú àwọn ọmọ Nàìjíríà láti jẹ́rìí pé òun ni òun. Ẹ̀yin kò gbà. Ẹ fi tépù wọn etí rẹ̀ nínú fọ́tò méjì! Nígbà tó wá jáde láyé ní London nínú oṣù keje 2025, mo dúró títí kí ẹ sọ fún wa ẹni tó kú. Ìgbà kan ṣoṣo tí WhatsApp yín dákẹ́ nìyẹn.

Ó yá, ẹ rẹ́rìn-ín mi báyìí, torí èmi náà ní ẹfà tèmi. Ọjọ́ keje oṣù keje, ọdún 1998. Kò tíì pé oṣù kan tí Abacha, olórí ìjọba ológun, kú. Àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Thomas Pickering àti Susan Rice wà lára wọn, wà lọ́dọ̀ Abíọ́lá, ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, ní Àbújá. Wọ́n bu tíì fún un. Ara rẹ̀ yí padà, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Ẹ rántí pé ìyá wa kó gbogbo tíì ilé dà sí ẹ̀yìnkùlé, pé ògì la mu títí ọdún fi parí. Àwọn oníṣègùn tó wá láti òkè òkun yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní àrùn ọkàn ni. Mo dàgbà, mo kàwé, mo ka èsì náà. Orí mi gbà, ikùn mi kọ̀. Erin wó, kí wọ́n sọ pé ọkàn ló dá a dúró? Ikú tó máa pa irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó tóbi tó o. Títí dòní, bí wọ́n bá gbé tíì síwájú mi níbi ìpàdé, omi ni mo máa ń bèèrè.

Àmọ́ lọ́jọ́ kan mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ni tíì gbà? Àtìmọ́lé gba ọdún mẹ́rin, láti oṣù kẹfà 1994. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ti ẹni tí ìlú dìbò fún mọ́lé, títí ó fi di ẹni ọgọ́ta ọdún níbẹ̀, láìrí ẹbí bó ṣe fẹ́, láìrí dókítà bó ṣe fẹ́. Ọwọ́ tó ṣe ìyẹn kò pamọ́. Ó ní orúkọ, ó wọ kakí, rédíò kéde rẹ̀. A fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀, a ń fi tọ́ọ̀ṣì wá èyí tó wà nínú ife.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ láti àárọ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò fura jù. Ẹ ò fura tó ni. Ọwọ́ tó pamọ́ dùn ún wá, torí kò sí ẹni tó máa rí i mú, kò sì sí ohun tó kù fún wa láti ṣe ju ká mi orí lọ. Ọwọ́ tó hàn ló ṣòro, torí bí ẹ bá tọ́ka sí i, ó ku ẹni tó máa lọ bá a. Ẹ rántí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yín tó jìn sí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù lóru, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ẹ̀yin àti gbogbo àdúgbò ní ìyá àgbà ilé kejì ló fi àjẹ́ ta á. Ẹ pariwo títí màmá náà fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò ládùúgbò tó ti gbé fún ogójì ọdún. Ó ti lọ. Gọ́tà náà ṣì ṣí sílẹ̀. Mo rí i nígbà tí mo wá lọ́dún tó kọjá. Ẹ fi ẹsẹ̀ fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fura. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ẹ mú mi lọ sí Gbági lọ ra aṣọ. Ìyá aláṣọ ń búra pé òwú gidi ni. Ẹ ò bá a jà. Ẹ fa fọ́nrán kan létí aṣọ, ẹ ṣáná sí i. Fọ́nrán náà súnkì, ó yọ́, ó di kókó dúdú líle bí orí abẹ́rẹ́, ó ń rùn bí ọ̀rá. Ẹ nà án sí ìyá aláṣọ, ẹ ní, "Màmá, òwú gidi, eérú ló ń dà." Ẹ fà á lára èyí tó tẹ̀ lé e, ó jó bí ìwé, ó di eérú, ẹ sanwó. Lójú ọ̀nà, ẹ ní kí n rántí: bí wọ́n bá ṣe ń búra tó, bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe tètè wá ìṣáná.

Níbo ni ìṣáná yẹn wà ní aago márùn-ún ìdájí? Aṣọ yàádì mẹ́fà, ẹ ó dáná sun fọ́nrán rẹ̀ kí ẹ tó yọ owó. Ọ̀rọ̀ tó ní kí òbí má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ, ẹ ó fi ṣọwọ́ sí ẹni ogójì kí ẹ tó fọ ẹnu. Ẹ fura sí ìjọba, ó dára. Ẹ fura sí òyìnbó, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí yín ńkọ́, tó ń búra, tó ń pariwo, tí kò dárúkọ ara rẹ̀? Òun nìkan ni kò ní nǹkan lẹ́yìn ẹfà?

Ẹ fa fọ́nrán kan. Ta ló sọ ọ́? Níbo? Ọjọ́ wo? Bó bá di eérú, ẹ bá mi fi ránṣẹ́, n ó kà á, bó jẹ́ aago mẹ́ta òru. Ẹ fa fọ́nrán nínú lẹ́tà tèmi yìí náà. Ọmọ ìyá yín ni mo jẹ́, kò sọ mí di òwú gidi.

Ó ku ẹyọ kan. Ṣòkòtò mi tó wà lọ́dọ̀ yín láti Àjíǹde, ẹ ní iná ni, ẹ ní òwú wọ́n, ẹ tún ní Wọ́n kò jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, lórí ọ̀rọ̀ ṣòkòtò yẹn, n kò wá ọwọ́ kankan tó pamọ́.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wọ ṣòkòtò kan ṣoṣo lọ síbi iṣẹ́.